Bí A Ṣe Ń Lo Lọ́fíńdà Olóòórùn Ọsàn Nígbà Ooru

Ooru àti lọ́fíńdà tó wúwo kì í rẹ́. Èyí tó kún fún fànílà, tí gbogbo èèyàn ń yìn nígbà òtútù, lè mú kí orí máa fọ́ ẹni tó jókòó tì yín bí oòrùn bá ràn gidi. Ìdí nìyí tí èyí tó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn àti ewé tútù fi dára nígbà ooru. Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń fi kàn án ni pé kì í pẹ́ lára. Òótọ́ ni. Àmọ́ lójú tèmi, ẹwà rẹ̀ nìyẹn: ó dé, ó tuni lára, ó lọ, a sì tún fín òmíràn.

1. Ẹ fara balẹ̀ rà á

Òróró inú èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti bẹ́gámọ́ọ̀tì (èso kan tó jọ ọsàn) fúyẹ́ púpọ̀, kíá ló ń bá atẹ́gùn lọ. Kó tó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, púpọ̀ nínú òórùn ọsàn náà á ti lọ, á wá ku ohun tí ẹni tó po ó fi sí ìsàlẹ̀: gbòǹgbò vetiver (koríko olóòórùn kan), igi kédárì tàbí musk (òórùn kan tó jọ ti ara ẹranko). Ohun tó kù yìí lẹ máa gbé rìn. Nítorí náà, ẹ má ṣe torí òórùn àkọ́fín sanwó. Ẹ fín in sí ọrùn ọwọ́, kì í ṣe sórí bébà nìkan, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ rìn kiri fún bíi wákàtí kan, kí ẹ tó tún un gbọ́.

Bó bá jẹ́ òórùn ewé lẹ fẹ́ ju ti èso lọ, ẹ wá èyí tó ní petitgrain nínú: ara ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ igi ọsàn kíkorò ni wọ́n ti ń rí i.

Ẹ wo ara páálí pẹ̀lú. Eau de cologne sábà máa ń ní òróró olóòórùn bí ìdá 2 sí 5 nínú 100, eau de toilette bí 5 sí 15, eau de parfum bí 15 sí 20. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn, orúkọ ìlú Cologne ní Jámánì ló ń jẹ́. Johann Maria Farina, ọmọ Ítálì tó ń ṣòwò níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, ló sọ ọ́ di olókìkí. Fún òórùn ọsàn, èmi ò rí ìdí tí èèyàn fi ní láti fi owó kún owó torí eau de parfum. Ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń nípọn sí i, tí ọsàn á sì fara pa mọ́.

2. Ẹ fi ìpara pa ara

Lọ́fíńdà kì í dúró lára tó gbẹ. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fi ìpara tí kò lóòórùn pa ibi tí ẹ fẹ́ fín sí, kó mu un díẹ̀.

3. Ẹ ṣọ́ra fún oòrùn

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bìkítà sí nìyí. Òróró tí wọ́n fún tààrà lára èèpo bẹ́gámọ́ọ̀tì àti ọsàn wẹ́wẹ́ ní àwọn èròjà tí a ń pè ní furocoumarin. Bí ìtànṣán oòrùn bá bá wọn lára, awọ lè jó, ó lè pọ́n, lẹ́yìn náà kó dúdú ní ojú ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń yọ wọ́n kúrò tàbí kí wọ́n dín wọn kù. Òróró tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pò nílé ni kí ẹ sá fún jù.

Ibi tí aṣọ bò ni kí ẹ fín in sí: igbáàyà, ẹ̀yìn lábẹ́ kọ́là, ikùn. Ẹ gbé ìgò jìnnà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sétí òkun, ẹ má ṣe fín lọ́fíńdà sí ara, aṣọ ni kí ẹ fín in sí.

4. Ẹ lo aṣọ

Ó máa ń pẹ́ lára òwú ju ara èèyàn lọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ìṣẹ́tí, torí lọ́fíńdà tó ní àwọ̀ lè ta àbààwọ́n sára aṣọ funfun. Sílíìkì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

5. Ẹ tún un fín lọ́sàn-án

Ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó ṣeé fi sápò. Bí òógùn bá ti bò yín, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu ara. Òórùn ọsàn lórí òógùn burú ju òógùn lásán lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Imú yín ti mọ́ ọn lára, àwọn ẹlòmíì ṣì lè máa gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ bi ẹni tó wà nítòsí kí ẹ tó fi kún un.

6. Ibi tí ìgò á máa wà

Òórùn ọsàn wà lára èyí tó tètè ń bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀, ooru àti atẹ́gùn ló ń bà á jẹ́, òróró ọsàn tó ti bàjẹ́ sì lè mú kí ara máa yún èèyàn. Inú dúrọ́ọ̀ tó ṣókùnkùn dára, ojú fèrèsé kò dára. Inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn ló burú jù, torí ọtí inú rẹ̀ tètè ń gbiná. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣú, tó ń rùn bí ọ̀dà, ẹ dà á nù.