Òdòdó yẹ́lò tó ń rùn bíi ṣokoléètì, bẹ́ ẹ ṣe máa gbìn ín rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Texas, New Mexico, Arizona síbẹ̀ yẹn l'Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń ta bí iná, òdòdó kan wà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an, chocolate flower ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìwé ẹ̀ ni Berlandiera lyrata. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ síbi tó wà láàárọ̀ kùtù, ẹ máa rò pé ẹnì kan ń po tíì kòkó nítòsí ni. Alẹ́ ló ń tanná, tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú á rọ, òórùn yẹn náà á lọ, torí ẹ̀, ẹ gbìn ín sẹ́bàá ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ń gbà jáde láàárọ̀, àbí kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kò fẹ́ràn ilẹ̀ ọlọ́ràá rárá o, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí omi kì í dúró sí ló bá a lára mu, ó sì gbọ́dọ̀ rí oòrùn dáadáa. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀ lẹ ní, ẹ kọ ebè, kẹ́ ẹ po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, torí omi tó bá dúró nídìí ẹ̀ nígbà òtútù ló máa ń jẹ gbòǹgbò ẹ̀ rà. Èmi kọ́kọ́ ṣe é bí ẹ̀fọ́ ni, mò ń bomi rin ín lójoojúmọ́, mo tún da ajílẹ̀ sí i, ló bá ga gbọọrọ, ó wó sílẹ̀ bí ẹni tó mutí yó.

Ẹ wọ́n irúgbìn ẹ̀ síbi tó máa gbé títí, kẹ́ ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Gbòǹgbò ẹ̀ nípọn, ìsàlẹ̀ tààrà ló ń lọ, tó bá ti fìdí múlẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí òun nípò mọ́. Ẹ fi bíi 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́, omi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, kó ṣáà wọlẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn ìyẹn, àfi tí ọ̀dá bá pọ̀ jù.

Tí àwọn ewé òdòdó yẹ́lò yẹn bá ti rẹ̀ dànù (ẹ yí wọn wò kí wọ́n tó rẹ̀, ilà pupa wà lábẹ́ ẹ̀), nǹkan ríbiti aláwọ̀ ewé kan á kù bí àwo kékeré, ẹ máa gé e kó lè tún yọ òmíì.

Tí òtútù bá dé á kú délẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó hù padà. Ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo fi ṣọ́bìrì hú ọ̀kan pé ó ti kú, gbòǹgbò ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀.