Bí a ṣe rí orúkọ Ìmọ̀dóye fún ọmọ wa

Oyún mi ti wọ oṣù keje nígbà tí ọkọ mi fa bébà kan yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ló kọ sí i: Khaleesi, láti inú Game of Thrones; Galadriel àti Arwen, láti inú The Lord of the Rings. Ó fẹ́ràn ìtàn tí dírágónì ti ń fò, tí iwin àti ènìyàn ti jọ ń jọba. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Òun la jọ máa ń wò nílé wa ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́ níbí, bí iná bá wà. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé obìnrin la ó bí, àwa méjèèjì sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ gbé àrà dání. Tíṣà ni mí. Lọ́dún tó kọjá, Bólúwatifẹ́ mẹ́ta ló wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá pe ọ̀kan, mẹ́ta ló ń dáhùn.

Ìtumọ̀ ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Khaleesi kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ. Oyè ni, ní èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìtàn náà. Ayaba ló túmọ̀ sí, obìnrin tí gbogbo ayé ń pè bẹ́ẹ̀ sì ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo bi ọkọ mi bóyá ó lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Olorì. Ó dákẹ́, ó mú bírò, ó fa ìlà sí i. Àwọn méjì yòókù ní ìtumọ̀ tó wù mí gan-an. Onímọ̀ èdè ló ṣẹ̀dá èdè tí wọ́n ti jáde: Galadriel ni ọmọbìnrin tí a fi ohun tó ń tàn dé ládé, Arwen ni ọmọbìnrin ọlọ́lá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá a jà, àmọ́ kó mọ ohun tó ń pe ọmọ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ké orúkọ náà bí ẹni tí òjò ti ṣú lé lórí, tó ń pe ọmọ wálé. Galadriel kò bá ẹnu mi mu. Kò ní dò, kò ní mí; bí mo ṣe pè é lẹ́ẹ̀kíní kọ́ ni mo ṣe pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá ń ké Arwen. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Ọba dé, ẹ̀fọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró.

"Àwẹ̀ní kẹ̀? Oríkì ìyá ìyá mi nìyẹn. Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

Wọ́n jókòó sórí àpótí, omi lé ròrò sí wọn lójú. Mi ò lè sọ fún wọn pé Arwen ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. Bí orúkọ ilẹ̀ òkèèrè bá lè dé etí ìyá mi kó di ti ìyá ìyá wọn, kí ló dé tí a ò kọ́kọ́ wo àyíká wa? Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ Òndó wa yìí kan náà, ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà. Ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti ọdún 1938, igbó inú rẹ̀ sì kún fún iwin ju ohunkóhun tí a ti ń wò nínú fíìmù lọ. Bàbá ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Òndó, ní ẹ̀dà kan tí èèpo iwájú rẹ̀ ti ya. A lọ yá a lọ́wọ́ wọn. Mo mú pẹ́ńsù, mo kà á, orúkọ nìkan ni mò ń wá.

Àkàrà-oògùn, rárá, ta ni yóò gbé ìyẹn lọ síwájú pásítọ̀? Kàkó le, akọni ni, àmọ́ ọmọbìnrin la ń retí. Olóhùn-iyọ̀ ló gba ọkàn mi. Ọmọ tí iyọ̀ wà nínú ohùn rẹ̀! Mo ti ń fi kọrin fún ikùn mi kí a tó padà lọ bá Bàbá. Bàbá mirí.

"Ìyàwó wa, èyí dùn, ṣùgbọ́n ìnagijẹ ni. Gbólóhùn ni ọ̀pọ̀ orúkọ wa. Wo Akínfọlárìn: akin fi ọlá rìn. Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú Olóhùn-iyọ̀?"

Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìgbà náà ni ọkọ mi tọ́ka sí Ìmọ̀dóye. Bàbá tú u palẹ̀ fún wa: ìmọ̀ dé òye. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tíṣà sì ni ilé wa, láti orí àwọn dé orí èmi. Ọkùnrin ni Ìmọ̀dóye inú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ àbísọ wa kì í sábà yan akọ tàbí abo. Oríkì ló ń yàn án.

Màámi ni kò gbà. Ọkọ mi ti ròyìn fún wọn pé nínú ìwé, ààjà ló gbé Ìmọ̀dóye lọ ní kékeré, tó fi lo ọdún méje lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ, àwọn ò ní fi ọmọ ọmọ àwọn lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Bàbá ránṣẹ́ sí wọn pé ẹni tí ààjà bá gbé tó sì padà, ọgbọ́n ló ń gbé bọ̀ wálé. Kò tù wọ́n nínú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi wà lórí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ tí ìyá mi yóò máa bẹ̀rù láti pè. Nígbà tó yá, mo jókòó tì wọ́n, mo já orúkọ náà sí wẹ́wẹ́: ìmọ̀, dé, òye. Mo ní kí wọ́n fi ààjà hàn mí nínú rẹ̀. Wọ́n pè é lábẹ́ ètè, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ àwọn ni yóò fún ọmọ ní oríkì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá àwọn jiyàn.

Ọjọ́ kẹjọ la kó o jáde. A fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, a fi iyọ̀ kàn án láhọ́n; mo rántí Olóhùn-iyọ̀, inú mi sì dùn pé iyọ̀ rẹ̀ kò ṣaláì débẹ̀. Ìyá ọkọ mi kan bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé "Ìmọ̀ kí ni?", mo sì pè é fún wọn pẹ̀lú sùúrù: dò dò mí re. Ìwé ẹ̀rí ìbí kò gba àmì ohùn, IMODOYE gbẹrẹfu ló wà níbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni Bàbá ṣe gbé ìwé Fágúnwà fún ọmọ pátápátá, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀.

Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Àwẹ̀ní ni Màámi ń pè é: dò dò mí. Bí wọ́n bá pè é láti ẹnu ọ̀nà, á yí orí síbẹ̀; bí mo bá pe Ìmọ̀dóye láti ilé ìdáná, dò dò mí kan náà ló ń kọ́kọ́ gbọ́, á sì yí orí padà sí mi.