Bí mo ṣe kó gbogbo tẹ́mínà mi sábẹ́ tmux

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kì í gba tẹ́mínà kan ṣoṣo (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà). Ọ̀kan ni mo fi ń dán wẹ́ẹ̀bù tí mò ń kọ wò, mò ń wo log (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe) nínú òmíràn, git (tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù) wà nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin sì ni mo fi SSH (ọ̀nà láti wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn) wọ sáfà oníbàárà mi kan tó wà ní Jámánì. Lórí Ubuntu tí mò ń lò, Ctrl+Shift+T ni mo fi ń ṣí táàbù lé táàbù. Kó tó di ọ̀sán, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, n óò wá máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí èyí tí mò ń wá.

Ìyẹn ṣì kéré. Kí data já nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ní Jámánì ló ń dùn mí jù. Tí ìsopọ̀ bá ti já, Linux á fi àmì kan tó ń jẹ́ SIGHUP ránṣẹ́ sí shell (ètò tó ń gba àṣẹ tí a tẹ̀) tó wà lọ́hùn-ún, shell á lọ, á sì kó àwọn ọmọ ẹ̀, ìyẹn àwọn ètò tó bẹ̀rẹ̀, dání. Iṣẹ́ tó ti lọ dé ìdajì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.

tmux ò jẹ́ kí shell yín so mọ́ fèrèsé tí ẹ ń wò. Ó ní sáfà tirẹ̀ (ètò ni èyí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà) tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, òun ló di shell mú. Ẹ ti tẹ́mínà pa o, kí SSH já o, shell ṣì wà níbi tó wà. GNU Screen ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 1987, ó sì ṣì dáa. Tmux tó dé ní 2007 ni mo mú torí pé fáìlì ètò rẹ̀ rọrùn fún mi láti kà.

Mo fi `sudo apt install tmux` gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi orúkọ iṣẹ́ sọ àwọn session (àkójọ shell tí tmux dì mú fún iṣẹ́ kan):

`tmux new -s oja`

“oja” ni wẹ́ẹ̀bù tí mò ń kọ, “iwe” ni ibi tí mo ti ń kọ̀wé, “jamani” sì ni ti oníbàárà. Mi ò fi àmì ohùn sí i, ta ló fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́? Láti jáde láìpa nǹkan kan, ẹ tẹ Ctrl àti b pọ̀, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ tó wá tẹ d. Gbígbé ọwọ́ kúrò yẹn ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí wọ́n á ní tmux ò ṣiṣẹ́. `tmux attach -t oja` ni ẹ ó fi padà wọlé. Lẹ́yìn Ctrl+b, % máa ń pín ojú tẹ́mínà sọ́tùn-ún àti sósì, z máa ń fẹ abala kan dé gbogbo ojú, s sì ń to gbogbo session síwájú yín láti mú.

Ibi tó ti lọ́jú pọ̀ ni Jámánì. tmux wà níbí, òmíràn tún wà lórí sáfà, tí mo bá tẹ Ctrl+b, ti ilé ló máa ń gbà á. Mo yí ti ilé padà nínú `~/.tmux.conf`:

`unbind C-b`
`set -g prefix C-a`
`bind C-a send-prefix`
`set -g mouse on`
`set -g history-limit 20000`

Báyìí, Ctrl+a jẹ́ ti ilé, Ctrl+b jẹ́ ti Jámánì. Ctrl+a yìí náà ni bash (shell tí mò ń lò) fi ń lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ìlà kẹta yẹn ló jẹ́ kí n lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó dé ọ̀dọ̀ bash. Ìlà ìkẹyìn wà níbẹ̀ torí pé 2000 ìlà péré ni tmux máa ń rántí fúnra rẹ̀, log tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ á jẹ ẹ́ tán kíá.

Lọ́jọ́ tí mò ń fi `pg_dump` kó dátábéèsì oníbàárà yẹn pamọ́, iná lọ, kọ̀ǹpútà mi kú fin-ín. Nígbà tí iná dé, mo fi SSH wọlé, mo tẹ `tmux attach -t jamani`, mo bá a tí ó ti parí. Àmọ́ “oja” àti “iwe” ti lọ ní tiwọn, torí inú kọ̀ǹpútà tó kú ni wọ́n wà. tmux ò lè gbani lọ́wọ́ ìyẹn. Mo wá kọ fáìlì kékeré kan tó ń tún “oja” tò:

`tmux new-session -d -s oja -c ~/oja`
`tmux send-keys -t oja 'python3 manage.py runserver' Enter`
`tmux split-window -h -t oja -c ~/oja`
`tmux attach -t oja`

`-d` ló ń jẹ́ kó dá session sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ láìtíì gbé e síwájú mi, kó lè rí àyè to ìyókù.

Tí iṣẹ́ kan bá parí pátápátá, `tmux kill-session -t iwe` ni mo fi ń pa á. Ẹ má fi `kill-server` dípò ẹ̀ o, gbogbo wọn pátá nìyẹn máa kó lọ.