Ṣé Honda Àná Náà Ni Honda Òní? Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Yẹ Máṣíìnì Wò Kẹ́ Ẹ Tó Jiyàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ló sú mi tí mo fi jókòó kọ ọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday tí mo bá yà sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì mi nítòsí Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ìjà kan náà ni mo máa ń bá níbẹ̀: bàbá kan tó ti ń gun Honda CG125 látìgbà ọ̀dọ́ ẹ̀ á ní Honda ìsinsìnyí kì í ṣe Honda mọ́, orúkọ lásán ló kù, àwọn ọmọ tó ń gun Bajaj á ní kí bàbá lọ sinmi jàre, ṣé orúkọ ló ń gbé èrò ni. Ẹ sì wò ó, lọ́dọ̀ tiwa níbí ọ̀rọ̀ owó ni o. Nígbà tí ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní 1 June 2022, tí wọ́n tún fi mẹ́rin kún un ní September ọdún yẹn, Ìkòròdú ò sí nínú ẹ̀, torí náà àwa ṣì ń ra máṣíìnì, ẹni tó bá sì fi owó àjọ ra orúkọ lásán, òun náà ló máa tì í délé.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń jiyàn pé kí gan-an ló yí padà. Ṣé ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà ni, àbí ibi tí wọ́n ti ń tò ó, àbí injíìnì inú ẹ̀, àbí irú èèyàn tí wọ́n ń ṣe é fún? Ìbéèrè yẹn nìkan ti parí ìjà tó pọ̀ lójú mi, torí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ injíìnì, ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀ sítíkà, wọ́n wá ń pariwo mọ́ra wọn.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín, ẹ wo BSA. Àwọn tí bàbá wọn àgbà jẹ́ tíṣà tàbí akọ̀wé láyé òyìnbó á mọ̀ ọ́n, máṣíìnì tó wúwo yẹn, tí wọ́n ya ìbọn mẹ́ta tó fara ti ara wọn sí lára. Ìbọn yẹn kì í ṣe fáàrí o, àwọn tó ń rọ ìbọn ní Birmingham ló kóra jọ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1861, ó tó nǹkan bí 1910 kí máṣíìnì tiwọn tó jáde. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1970s, gbèsè ti wó ilé-iṣẹ́ náà. 2016 ni Classic Legends, ilé-iṣẹ́ Íńdíà kan tí Mahindra lọ́wọ́ sí, wá ra orúkọ yẹn, wọ́n sì gbé Gold Star tuntun jáde ní December 2021, injíìnì 652cc, bẹ́ẹ̀ 1938 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo orúkọ Gold Star. Ìrísí jọra, orúkọ kan náà, àmọ́ àwọn tó rọ ti àkọ́kọ́ ò mọ àwọn tó rọ tuntun rí. Mi ò sọ pé máṣíìnì burúkú ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n fi orúkọ olóògbé sọ ọmọ aládùúgbò ni, ìyẹn kì í ṣe Babátúndé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí máṣíìnì gan-an. Nọ́ńbà ṣáàsì ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má wo sítíkà. Ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì sósì pátápátá, ẹ tẹ̀ wo ọrùn ẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi táwọn wáyà gbà kọjá, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀. Ó máa ti dọ̀tí gan, ẹ fi àkísà tẹ́ ẹ rì bọ pẹtiróòlù nù ún, ẹ má fi irin họ ọ́ o, torí ọlọ́pàá tó bá rí i lọ́jọ́ kan á ní ẹ fẹ́ pa nọ́ńbà rẹ́ ni. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ẹ̀ máa jẹ́ mẹ́tàdínlógún lápapọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ ń wá: tó bá jẹ́ J, Japan ni, tó bá jẹ́ L, Ṣáínà ni, tẹ́ ẹ bá rí MD2, Bajaj láti Íńdíà nìyẹn. Máṣíìnì ayé BSA ò ní irú nọ́ńbà yìí, ẹ má fira yín lójú wá a.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti jìn sí kòtò yẹn rí. Mo ra tókunbọ̀ kan, wọ́n lẹ Japan mọ́ ọn gàdàgbà, mo san owó Japan, nígbà tó dọjọ́ kẹta òjò rọ̀, sítíkà bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò lára táńkì bí ewé mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀rù bà mí, mo yí ọwọ́ ẹ̀, mo wo ọrùn. L. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mi títí dòní.

Kẹ́ ẹ má baà ṣì mí gbọ́ ṣá, L ò túmọ̀ sí fèkì. Honda fúnra ẹ̀ ń ṣe máṣíìnì ní Ṣáínà, ó sì ti ní ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà níbí látọdún 1979, ibi tí wọ́n ti tò ó àti ẹni tó ni ín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí L ń sọ fún yín ò ju pé kẹ́ ẹ má san owó Japan.

Wàyí o, injíìnì, ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀. CG125 tí bàbá yẹn fi ń yangàn, 1976 ló jáde, irú ilẹ̀ tiwa yìí ni Honda sì dìídì ṣe é fún, ibi tí eruku pọ̀, tí ẹrù pọ̀, téèyàn ò ní rántí ọ́ọ̀lì àfi tí máṣíìnì bá kọ̀ lójú títì. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì wọn nígbà yẹn, orí injíìnì ni kámù wà, ìyẹn irin tó ń yí láti ṣí fáàfù tí injíìnì fi ń mí, ṣéènì ló ń yí i, tí ṣéènì yẹn bá ti wá dẹ̀, ẹ máa gbọ́ ariwo ẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá yọ ṣéènì yẹn dànù lára CG, wọ́n gbé kámù wá sísàlẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá irin méjì máa ti fáàfù látìsàlẹ̀ lọ sókè. Lọ́jọ́ tí mẹ́káníìkì yín bá tú orí injíìnì, ẹ ní kó fi ọ̀pá méjèèjì hàn yín, wọ́n gùn tó bírò bẹ́ẹ̀, ẹ mú un dání, ẹ yí i lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bóyá ó ti wọ́. Ó rọrùn débi pé inú máa bí yín pé nǹkan tẹ́ ẹ ń pariwo lé lórí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ará Ṣáínà da injíìnì yẹn kọ káàkiri, ẹ lè tú máṣíìnì tí wọn ò kọ Honda sí lára rárá kẹ́ ẹ bá ọ̀pá méjì yẹn níbẹ̀, tó dúró bó ṣe dúró nínú ti bàbá. BSA, orúkọ padà wá, ara ò wá. CG, ara wà káàkiri títì, orúkọ ló yàtọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí n má sọ ọ́ létí àwọn ọmọ yẹn.

Àwọn ọmọ Bajaj náà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ iṣẹ́ tí Bajaj ń ṣe tẹ́lẹ̀. Súkúútà! Vespa ni wọ́n ń tò ní 1960s, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, lẹ́yìn náà Chetak tiwọn jáde ní 1972. Ọ̀dọ̀ Kawasaki ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́ máṣíìnì ní 1980s, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí Kawasaki lára Boxer àtijọ́. Nígbà tó fi máa di 2010, wọ́n ti pa súkúútà tì, àfìgbà tí Chetak tún padà wá ní 2020, iná mànàmáná ló ń lò báyìí. Ìdílé kan náà ló ń darí ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló yí, bí alágbẹ̀dẹ tí ọmọ ẹ̀ di wẹ́dà. Boxer 150 tí wọ́n ń pè yẹn pàápàá, 144.8cc ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń bi mí, ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ò gbà láti yí padà ni mo máa ń wò. Honda tó dìídì ṣe CG fún ẹlẹ́rù ní 1976 náà ló gbé Ace 125 jáde fún Nàìjíríà ní 2011, ọlọ́kadà ló tún fojú sùn. Ní tèmi, Honda ò tíì yí ìwà padà. Bajaj yí, ó sì dáa bó ṣe yí.

Ó ku ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó sọ pé kò lágbára bíi tàtijọ́. Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ń gbé. Láyé ọjọ́sí èrò kan ni, báyìí èrò méjì pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì lórí táńkì, láti Ẹ̀búté dé Ìta Ẹlẹ́wà. Kẹ́ ẹ tún tú ìdérí ọ́ọ̀lì tó ní ọ̀pá nídìí, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀. Sunday tó kọjá bàbá gbé máṣíìnì tuntun kan tọ́mọ ẹ̀ rà fún un wá, ó ní ẹ ẹ̀ rí i, èyí ò fà rárá. Mẹ́káníìkì tú ìdérí, ó fìka kàn án, ó ki, ó dúdú bí àdín.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ìgbà wo lẹ pa ọ́ọ̀lì ẹ̀ dà kẹ́yìn?”

Bàbá ní Iléyá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bajaj ti ń rọra rẹ́rìn-ín. “Bàbá, Iléyá ọdún wo?”