Bí Àṣírí Bá Tú ní Ilé-Iṣẹ́ Ńlá: Ohun Tí Kò Yẹ Ní Ṣíṣe

Bí wàhálà bá dé bá ilé-iṣẹ́ ńlá, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sáré dáàbò bò. Wọ́n á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká wo ti Boeing, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe bàálù.

Ẹ má fi ohun tó lè pa èèyàn pamọ́ kí ọjà lè tà. Boeing fi ètò kọ̀ǹpútà kan, MCAS, sínú bàálù 737 MAX. Ètò yìí lè tẹ imú bàálù wálẹ̀ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò. Owó ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí fún Southwest, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní Amẹ́ríkà, pé bí àwọn awakọ̀ bá ní láti tún gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ ìfidánrawò, àwọn á dín mílíọ̀nù kan dọ́là kù lórí bàálù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tọrùn bọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti sọ òtítọ́ di gbèsè fún ara rẹ̀.

Ẹ má sáré nàka sí ẹlòmíì. Ní oṣù kẹwàá 2018, MCAS tẹ imú bàálù 737 MAX kan tí ilé-iṣẹ́ Lion Air ń lò wálẹ̀, ó já sókun ní Indonesia, èèyàn 189 kú. Ohun tí Boeing sọ síta dá lé àtúnṣe tí wọn ò ṣe dáadáa àti ohun tí àwọn awakọ̀ ṣe. Àwọn bàálù yòókù ṣì ń fò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2019, irú bàálù kan náà, ti Ethiopian Airlines, já, èèyàn 157 kú. Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Carleton ní Kánádà, wà lára wọn. Ó ṣì ń dùn wá dọ́kàn.

Ẹ má dúró dìgbà tí ìjọba bá fipá mú yín. Ṣáínà ti ní kí bàálù náà má fò mọ́, síbẹ̀ ọ̀gá àgbà Boeing ṣì ń pe Ààrẹ Trump lórí fóònù pé kò séwu. Ẹ wo ìyàtọ̀: ní 1982, tí ẹnì kan fi májèlé sínú Tylenol, oògùn ara ríro, ní agbègbè Chicago, tí èèyàn méje kú, Johnson & Johnson tó ṣe oògùn náà kọ́ ló jẹ̀bi, àmọ́ wọ́n kó bí ìgò mílíọ̀nù 31 kúrò lọ́jà. Ó ná wọn ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Ẹ má sì parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn tó ṣòfò. Ní 2021, Boeing àti ìjọba Amẹ́ríkà fẹnu kò lórí bílíọ̀nù 2.5 dọ́là láti fi yanjú ẹ̀sùn ọ̀daràn tí ìjọba fi kan Boeing, láìfi tó àwọn ẹbí òkú létí. Ní 2022, adájọ́ kan ní Texas sọ pé lójú òfin, àwọn tó kú náà jẹ́ ẹni tí wọ́n hùwà ọ̀daràn sí, àti pé ó yẹ kí ìjọba ti bá àwọn ẹbí wọn sọ̀rọ̀.