Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ara Wa Nígbà Tí Ọ̀wọ́ Ìjì Tọ̀nédò Bá Ń Jà Nítòsí Ilé

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2011, ọ̀wọ́ ìjì tọ̀nédò, ìyẹn afẹ́fẹ́ líle tó ń yí bírípé láti ojú ọ̀run dé ilẹ̀, jà ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà láti ìdájí títí di alẹ́. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ wó òpó iná, ó já wáyà, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ilé sínú òkùnkùn. Nígbà tí ọ̀kan nínú èyí tó burú jù lọ dé ní ọ̀sán, tó la ìlú Tuscaloosa kọjá sí ìhà Birmingham, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 60, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní iná tí wọ́n lè fi gbọ́ ìkìlọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ó lé ní 200 ènìyàn tó kú ní Alabama nìkan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn: níbi tí tọ̀nédò bá ti ń jà lọ́wọ̀ọ́wọ́, kí èyí àkọ́kọ́ kọjá kò túmọ̀ sí pé wàhálà ti tán.

Ẹ yan ibi ìsádi kí ojú ọ̀run tó ṣú

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Texas àti Georgia ló dàgbà nínú ilé búlọ́ọ̀kù, tí ìjì máa ń ṣí òrùlé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ògiri rẹ̀ sábà máa ń dúró. Ilé onípákó tí a ń gbé níbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ̀nédò tó lágbára lè gbá a kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí ilé yín bá ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Bí kò bá ní, ẹ wá yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, láàárín gbùngbùn ilé: ilé ìwẹ̀, ibi tí a ń kó aṣọ sí, tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ ti bá ará ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ní ti ilé alágbèéká, èyí tí a fi ọkọ̀ fà wá sórí ilẹ̀, ẹ má ṣe dúró sínú rẹ̀ rárá, kódà bí a bá fi irin dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ kó bàtà tó nípọn, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, omi, oògùn, àti àwọn ìwé ìrìnnà tí ẹ ti fi ọ̀rá wé dáadáa sí ibẹ̀. Ẹ fi akoto kún un fún olúkúlùkù, ìbáà ṣe akoto kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, nítorí pákó, bíríkì àti dígí tí ìjì ń gbé fò ló ń ṣe ènìyàn léṣe jù.

Ẹ mọ ohun tí ìkìlọ̀ ń sọ

Bí fóònù bá kọ «Tornado Watch», ojú ọjọ́ ti rí bí èyí tó lè bí tọ̀nédò; ìgbà náà ni ará ilé alágbèéká yẹ kó ti kúrò, kí àwọn yòókù sì gba iná sínú fóònù. Bí ó bá kọ «Tornado Warning», a ti rí i lójú tàbí lórí rédà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì kù. Ẹ mọ orúkọ kaúntì yín, ìyẹn àgbègbè tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀, nítorí òun ni wọn yóò máa pè nínú ìkìlọ̀. Ẹ ra rédíò oníbátìrì, kí ẹ má sì gbára lé fèrè ìkìlọ̀ ìlú, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó wà níta. Ní Joplin, ìpínlẹ̀ Missouri, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ọ̀pọ̀ ló gbọ́ fèrè náà tí wọ́n ṣì ń dúró de àmì mìíràn kí wọ́n tó sá. Ìjì náà pa ènìyàn tó lé ní 150. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí ìkìlọ̀ ti dé.

Nígbà tó bá dé

Ẹ kọ́kọ́ gbé àgbàlagbà àti ẹni tí kò lè yára rìn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bo orí àti ọrùn, kí ẹ sì fa tìmùtìmù bo ara yín. Ẹ má ṣe lọ ṣí fèrèsé, ẹ má sì ṣe yọjú láti ya fídíò. Bí ó bá ká yín mọ́ inú ọkọ̀, ẹ má ṣe sá sábẹ́ afárá, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń le sí i níbẹ̀. Bí kò bá sí ilé tó lágbára nítòsí, ẹ de bẹ́líìtì kí ẹ sì tẹ orí sílẹ̀ ju fèrèsé lọ, tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ sínú kòtò tó rẹlẹ̀ ju ojú ọ̀nà.

Bí ariwo bá dákẹ́, ẹ gbọ́ rédíò kí ẹ tó jáde, kí ẹ mọ̀ bóyá òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn tó bá kọjá

Ẹ wọ bàtà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, nítorí ìṣó á ti wà káàkiri lára pákó tó fọ́n ká. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ jáde láìtan iná, láìfọwọ́ kan súwíìṣì. Ẹ ka gbogbo wáyà tó wà nílẹ̀ sí èyí tó níná.

Mo bẹ ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ ti mọ́ lára láti ilé: ẹ má ṣe gbé e sí gáréèjì tàbí bàákónì. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tó ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ gbé e jìnnà tó mítà mẹ́fà ó kéré tán sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Bí ìjì bá yẹ ilé tiyín sílẹ̀, ẹ má ṣe wakọ̀ lọ wòran, kí àwọn agbẹ̀mílà lè ráyè kọjá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé, kí ó bá yín sọ fún àwọn yòókù, nítorí ìpè kì í tètè wọlé. Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tó bàjẹ́ kí ẹ tó kó o, kí ẹ fi tàpólì bo òrùlé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ má ṣe fún un ní kọ́bọ̀. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe san gbogbo owó iṣẹ́ sílẹ̀ fún kọntirákítọ̀ tó kàn wá kan ilẹ̀kùn yín ní ọjọ́ kejì.