Bí ẹ ṣe máa to subwoofer àti crossover sí pálọ̀ yín kí báàsì lè rinlẹ̀

Púpọ̀ nínú subwoofer (àpótí sípíkà tó ń gbé báàsì nìkan) tó ń dún gbòòmù-gbòòmù nínú pálọ̀ ni kò ní àléébù kankan lára. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò dáa, tàbí kó jẹ́ pé wọn ò pín ohùn bó ṣe yẹ láàárín òun àti àwọn sípíkà tó kù. Crossover ló ń ṣe ìpín yẹn: ó ń rán báàsì lọ sí subwoofer, ó ń rán ohùn tó kù sí sípíkà. Báàsì tó dára kì í jẹ́ kéèyàn mọ igun tó ti ń wá. Ẹnu sípíkà iwájú ni etí máa gbọ́ ọ sí. Kò dìgbà tí ẹ bá ra èyí tó tóbi ju tilé lọ kí ẹ tó gbọ́ irú báàsì bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó kì í bọ iná, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Iná tiwọn jẹ́ 120 V, tiwa jẹ́ 230 V. Bí swíìṣì kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí bá wà níbẹ̀, ẹ tì í sí 230. Tó bá jẹ́ 120 nìkan ni wọ́n kọ, step-down (ẹ̀rọ tó ń sọ iná 230 di 120) ló máa gbé e, kí agbára rẹ̀ sì ju wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn subwoofer lọ dáadáa: èyí tó ń jẹ 300 W, ẹ wá step-down 500 W fún un. Ẹni tó bá kì í bọ 230 tààrà, bí fíúùsì ò bá tètè já, kapásítọ̀ inú rẹ̀ á bẹ́.

Wáyà RCA kan ṣoṣo ló máa so ó mọ́ rísífà (ampilifáyà tó ń gbé gbogbo sípíkà fíìmù). Ẹ ti ẹnu kan bọ ihò SUB OUT lẹ́yìn rísífà, kí ẹ ti ẹnu kejì bọ ihò LFE (ihò tó wà fún báàsì nìkan) lẹ́yìn subwoofer. Bí kò bá ní LFE, ẹ lo ihò L. Ibí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wọlé. Subwoofer ní crossover tirẹ̀, rísífà náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fi méjèèjì sí 80 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe rinlẹ̀ tó: bó ṣe kéré tó ló ṣe rinlẹ̀ tó), ohùn kan náà lẹ ń gé lẹ́ẹ̀mejì, àlàfo á sì là láàárín subwoofer àti sípíkà. Ẹ yí crossover tó wà lára subwoofer dé òpin, tàbí kí ẹ tì í sí LFE, kí rísífà nìkan máa ṣe ìpín.

Bó bá jẹ́ ampilifáyà sítẹ́rìó tí kò ní SUB OUT lẹ ní, ẹ wo ẹ̀yìn subwoofer bóyá ihò wáyà sípíkà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ HIGH LEVEL sí. Ẹ fa wáyà láti ẹ̀yìn ampilifáyà wá síbẹ̀, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, kí ẹ má sì yọ ti sípíkà kúrò. Ihò yẹn kì í fa agbára tó lè ni ampilifáyà lára. Níbí, crossover ara subwoofer lẹ máa lò: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 50 tàbí 60 Hz, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ibi tí sípíkà ti ń rẹ̀ ẹ́ pàdé.

Lórí rísífà, ẹ fi gbogbo sípíkà sí Small. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ṣe é, torí sípíkà wọn ga dé àyà, ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni wọ́n ń wí. Small túmọ̀ sí pé kí báàsì kúrò lọ́rùn sípíkà kó lọ bá subwoofer. Tí ẹ bá fi í sí Large, subwoofer á máa dún tí fíìmù bá ń lọ, tẹ́ ẹ bá wá fi orin sítẹ́rìó sí i, á dákẹ́ fẹ́ú. LFE+Main tún burú ju ìyẹn lọ: subwoofer àti sípíkà á jọ máa gbé báàsì kan náà, wọ́n á sì máa pa ara wọn lóhùn.

Ó wá ku iye tí ẹ máa fi crossover sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz, pàápàá tí fèrè sípíkà yín bá jẹ́ ínǹṣì 5 sí 6.5. Èyí tó jẹ́ ínǹṣì 4 tàbí tó kéré sí i fẹ́ 100 sí 120. Sípíkà ńlá tó ní ínǹṣì 8 lè sọ̀ kalẹ̀ dé 60. Tó bá ti ń ju 100 lọ, ẹ máa kíyè sí i pé ohùn ọkùnrin tó rinlẹ̀ ti ń jáde láti igun tí subwoofer wà, etí á sì mọ̀ ọ́n. Jìtá báàsì olókùn mẹ́rin ló dára jù láti fi dán an wò: okùn tó nípọn jù, tí wọn ò bá tẹ ìka mọ́ ọn, ń fúnni ní 41 Hz, èyí tó tẹ̀lé e 55, ẹ̀kẹta 73, èyí tó tín-ín-rín jù 98. Pẹ̀lú 80 Hz, mẹ́ta wà lọ́wọ́ subwoofer, ìkẹrin wà lọ́wọ́ sípíkà. Ẹ wá orin jùjú tí báàsì rẹ̀ ń rìn káàkiri, kí ẹ fetí sí i: bí okùn kan bá pariwo ju àwọn yòókù lọ, tàbí tó sọ nù, ẹ má tíì fọwọ́ kan crossover. Yàrá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Báàsì á lọ kọ lu ògiri, á padà wá pàdé ara rẹ̀. Ohùn tó bá ìwọ̀n yàrá mu á kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán láàárín gbùngbùn. Láti mọ èyí tó kéré jù nínú wọn, ẹ fi gígùn yàrá ní mítà pín 172. Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ mítà 3.66, ìyẹn sì ń fún wa ní 47 Hz. Nítorí pé gígùn àti ìbú dọ́gba, ọ̀nà méjèèjì ni 47 yìí ń gbà kóra jọ. Ìdí nìyẹn tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ fi ń dààmú èèyàn. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri á gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó jókòó sáàárín á fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ rárá. Àga lẹ máa kọ́kọ́ sún: kó kúrò láàárín, kó sì fi bíi mítà kan jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé subwoofer gan-an sórí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí. Ẹ fi orin jùjú yẹn sí i kó máa tún ara rẹ̀ kọ, kí ẹ wá máa rákòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí etí yín sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ máa dúró ní ìdajì mítà sí ìdajì mítà. Ibi tí ohùn báàsì kọ̀ọ̀kan bá ti dọ́gba jù, tí kò sí èyí tó ń hó lórí àwọn yòókù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀: ibẹ̀ ni subwoofer máa gbé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àga àti ibẹ̀ kì í yí padà bí ẹ bá pààrọ̀ ipò wọn. Igun yàrá á mú kó pariwo sí i, ṣùgbọ́n gbogbo ìkọlù inú yàrá ló máa jí dìde.

Ìwọ̀n ohùn ló kàn. Ẹ yí gain subwoofer (bọ́tìnì tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè) sí ìdajì, kí ẹ fi test tone (ohùn ìdánwò) rísífà ṣe sípíkà kọ̀ọ̀kan sí 75 dB níbi àga, kí ẹ fi áàpù tó ń wọn ariwo lórí fóònù wò ó, kí ẹ sì ṣe subwoofer bákan náà. Maikirofóònù fóònù kì í gbọ́ báàsì dáadáa, torí náà tí fóònù bá ní ó dọ́gba, ẹ tún fà á wálẹ̀ díẹ̀, kí etí parí ẹ̀. Bí rísífà bá ti kọ −12 fún subwoofer, gain ti ga jù. Ẹ dín in kù lẹ́yìn subwoofer fúnra rẹ̀. Fún phase (swíìṣì tó ń mú kí ohùn subwoofer bá ti sípíkà rìn pọ̀), ẹ fi ohùn 80 Hz sí i kí sípíkà àti subwoofer jọ máa dún, kí ẹnì kan jókòó, kí ẹnì kejì máa tì í láti 0 sí 180. Èyí tó bá ga jù létí ẹni tó jókòó ni kí ẹ fi í sí. Tí rísífà bá wọn yàrá fúnra rẹ̀, tó ní subwoofer wà ní mítà 5 nígbà tí téèpù ní 3, ẹ má ṣàtúnṣe rẹ̀: ẹ̀rọ inú subwoofer ló ń fa ohùn sẹ́yìn.

Bó bá ń kùn hùnhùn nígbà tí kò sí orin, ẹ yọ RCA. Bí ó bá dákẹ́, iná ilẹ̀ ló ń gba RCA yípo láàárín ẹ̀rọ méjèèjì: ẹ ki rísífà àti subwoofer bọ ẹ̀síténṣọ̀n kan náà. Bí ó ṣì ń kùn, ẹ yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn díkódà wò, torí ó máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ plọ́ọ̀gì láé. Iná lè pa èèyàn. Tó bá jẹ́ pé orí ínfátà nìkan ló ti ń kùn, modified sine (irú ínfátà tí iná rẹ̀ kì í lọ geere) ló sábà máa ń fà á, pure sine (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere) ló máa yanjú rẹ̀.

Ẹni tó ní subwoofer tí kò ní ampilifáyà nínú lè ní kí oníṣẹ́ jó crossover fún òun. Fún 8 ohm ní 80 Hz, kọ́ọ̀lì bíi 16 mH lẹ máa fi sọ́nà subwoofer, kapásítọ̀ bíi 250 µF sì ni ti sípíkà. Bó bá jẹ́ 4 ohm, kọ́ọ̀lì á di 8 mH, kapásítọ̀ á di 500 µF. Non-polar ni kí kapásítọ̀ náà jẹ́. Èyí tó ní àmì ìyọkúrò lára á wú, á sì bẹ́. Kọ́ọ̀lì tó tóbi báyìí gba bàbà púpọ̀, ó wọ́n, ó sì ń jẹ nínú agbára kí báàsì tó dé ẹnu fèrè. Active crossover kékeré (èyí tó ń lo iná, tó ń pín ohùn kó tó dé ampilifáyà) pẹ̀lú ampilifáyà tirẹ̀ ló máa ń dára jù fún iṣẹ́ yìí.